Sọ Ibi Tí O Wà Kí O Tó Kí Mi

Ìfọ̀,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Olúfúnmiláyọ̀ ọmọ mi,

Mo wà ní Ìfọ̀, nínú yàrá mi. Ara mi le. Ìkíni ń bọ̀ ní ìsàlẹ̀; ìdí tí mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀ yóò yé ọ kí o tó ka lẹ́tà yìí tán.

Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ ní Mowe ni àwọn ènìyàn ti ń wá kí mi kú ewu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n ń gbé wá kì í ṣe èyí tí ó ṣojú mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní Akute gbọ́ ọ̀kan, àwọn ìyá ìjọ wa níhìn-ín gbọ́ òmíràn, ẹni tí ó ti Àgbàdo wá sì fi tirẹ̀ kún un. Jẹ́ kí n tò ó bí ó ti rí, kí o lè rí ohun tí o máa fi dá wọn lóhùn.

Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ yín já sínú omi ní Ibafo. Kò já sínú omi. Kò tilẹ̀ sí ní Ibafo. Ẹrẹ̀ ni ó rì sí, lẹ́yìn Ọ̀fàdá, lójú ọ̀nà Owódé Ẹ̀gbá, òjò àná ọjọ́ náà ni ó sì fà á.

Wọ́n ní ọmọ kan kú. Ọmọ kankan kò kú, ẹnikẹ́ni kò sì farapa. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni ó sọnù sínú ẹrẹ̀. Ọmọ tí ó ni ín ń fi ẹsẹ̀ kan fò, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní Bàbá Sùlè, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, sùn lọ nígbà tí wọ́n ń pè é lórí rédíò. Kò sùn. Mo jókòó tì í. Ojú rẹ̀ là kedere.

Wọ́n ní ọ̀gá rẹ ti lé ọ kúrò nípò olórí àwọn ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Kò lé ọ. Ohun tí ó sọ níwájú mi ni pé kí o yan irú rédíò tí gbogbo ọkọ̀ yóò máa lò, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé wá fún òun kí àwọn ọmọ tó wọlé padà. Ìwọ gan-an ni ó ń ronú àtifi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo rí i lójú rẹ ní òwúrọ̀ tí mo ń bọ̀ nílé. Èyí ni ó mú mi kọ̀wé.

Wọ́n tún ní mo sunkún. Ìyẹn wà ní ìparí.

Inú bọ́ọ̀sì ni o wà ní ọjọ́ náà, nítorí náà o kò mọ bí ó ti rí lọ́dọ̀ wa. Oúnjẹ ọ̀sán rẹ ni mo gbé wá. Wọ́n ní o ti bá bọ́ọ̀sì Ọ̀fàdá lọ, nítorí pé obìnrin tí ó máa ń tẹ̀lé àwọn ọmọ kò wá síṣẹ́. Bàbá Sùlè fún mi ní àga nínú ilé kékeré tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí rédíò ńlá orí tábìlì wà. A ń sọ̀rọ̀ òjò. Lójijì ni ohùn Ràṣákì awakọ̀ yín jáde, ó tínrín bí ohùn ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kànga.

“Bàbá, ẹ káàsán o, sà.”

“Káàsán, Ràṣákì. Ṣé dáadáa ni?”

“Dáadáa ni, sà. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú àmójútó ẹnu ọ̀nà.”

“O ṣé, ọmọ mi. Ìyàwó ńkọ́? Ara ọmọ tuntun yẹn ńkọ́?”

“Ara rẹ̀ ti le, sà, a dúpẹ́. Màmá wa ńkọ́? Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?”

“Ẹsẹ̀ ń san, Alihamudulilai. Òjò ńkọ́ lọ́dọ̀ tiyín?”

“Òjò náà gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ, Bàbá. Ọkọ̀ wa—”

Rédíò náà dákẹ́. Bàbá Sùlè wo gbohùngbohùn tí ó ń sọ̀rọ̀ sí, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sétí.

Mo ní, “Bàbá, níbo ni ó wà?”

Ó ní, “Kò tí ì débẹ̀, Mọ̀ọ́mì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kíra wa ni.” Ó gbé nǹkan náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. “Ọmọ dáadáa ni Ràṣákì. Kì í gbàgbé ẹsẹ̀ ìyàwó mi.”

Láti ìgbà tí wọ́n ti dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun ni mo ti mọ̀, láti inú ohùn tí ń tínrín sí i, pé bátìrì Ràṣákì ń kú lọ. Ṣùgbọ́n àlejò ni mí lẹ́nu ọ̀nà náà, àgbàlagbà sì ni Bàbá Sùlè. A kì í já ìkíni gbà lẹ́nu àgbà. Mo dúró kí wọ́n kíra tán. Bátìrì kò dúró.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ìwọ kò rí. Àkókò tí ẹ máa ń dé kọjá. Àwọn òbí tí kò rí ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pé sẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan ní òun gbọ́ lọ́nà pé bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ kan já sómi ní Ibafo. Kò sọ pé òun rí i. Gbọ́ ni ó gbọ́. Ìyá ọmọ kan tú gèlè rẹ̀, ó fi di ìbàdí, ó sì bọ́ sọ́nà Ibafo. Àwọn tó kù tẹ̀lé e. Ẹyin lohùn, èyí ti balẹ̀, ó sì ti fọ́ ká gbogbo títì márosẹ̀.

Ìgbà náà ni rédíò tún sọ̀rọ̀. Ìdòwú ni, tí ó ń wa bọ́ọ̀sì kejì. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí ẹni pé ó wà nínú yàrá pẹ̀lú wa.

“Ìdòwú nìyí. Mo wà ní Ibafo. Wọ́n ń sọ pé bọ́ọ̀sì wa já sómi. Mo ti dé etí omi, kò sí bọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀.”

Bàbá Sùlè na ọwọ́. “Ìdòwú, o kú iṣẹ́ o. Ṣé—”

Mo gba gbohùngbohùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ó dárí jì mí.

“Ìdòwú, padà sí Mowe, kí o gba ọ̀nà Ọ̀fàdá. Gbogbo oríta tí o bá dé, sọ ọ́ fún wa.”

“Ta nìyẹn ń sọ̀rọ̀?”

“Ìyá Fúnmi.”

“Mo gbọ́, mà.”

Ó ṣe bí mo ti wí. Ó ní, “Mo wà ní Mowe, mo ń yà.” Lẹ́yìn náà, “Mo wà ní Ọ̀fàdá. N kò tí ì rí wọn.” A ń retí oríta tí ó kàn. Bàbá Sùlè fa tẹ̀súbáà rẹ̀ yọ. Èmi wo ògiri. Lẹ́yìn èyí ni ó wá ní, “Mo rí wọn. Gbogbo wọn pé. Ràṣákì dúró lórí òkìtì ọ̀gán. Àǹtí Fúnmi ń bá àwọn ọmọ kọrin nínú ọkọ̀.”

Ọmọ mi, ọkàn mi balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kéré sí ohun tí mo fẹ́ fi sọ, ṣùgbọ́n òun ni mo ní.

Wàyí o, jẹ́ kí a yan rédíò. Èyí tí mo ń sọ kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì inú pálọ̀. Èyí ń sọ, ó sì ń gbèsì. O mọ̀ pé kí n tó fẹ̀yìntì, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe, mo sì lo ọdún púpọ̀ ní ilé ìwòsàn ìgbèríko tí ọkọ̀ aláìsàn rẹ̀ ní rédíò. Ohun tí mo mọ̀ níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Èkíní. Ọ̀gá rẹ lè ní kí ẹ máa lo fóònù alágbèéká, pé ayé ti lajú. Fóònù dára. Fóònù nìkan ni ó lè gbé ohùn rẹ dé Ìfọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà gbé tìrẹ sókè lẹ́yìn Ọ̀fàdá, o kò rí nẹ́tíwọọ̀kì. Bí nẹ́tíwọọ̀kì tilẹ̀ wà, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń gbọ́ ìpè fóònù. Bí o bá sọ̀rọ̀ lórí rédíò, gbogbo awakọ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí káàdì tí yóò tán. Fi fóònù sílẹ̀ fún àwọn òbí. Kí àwọn ọkọ̀ máa lo rédíò.

Èkejì. Má ra irú rédíò kékeré méjì tí o rà ní Èkó nígbà tí o fẹ́ kó lọ sí Mowe, tí o fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé yóò dé ìlú kejì. Mo gbọ́ ọ títí dé ìkángun àdúgbò. Lẹ́yìn ìyẹn, afẹ́fẹ́ ni mo ń gbọ́. Nǹkan ìṣeré ni. Ó tó fún ẹni tí ó wà nínú ilé àti ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀kẹta ni wokí-tokí gidi, ti ọwọ́, irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ Ràṣákì. Má bú u. Òun ni ó gbé ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé ó ní láti jáde kúrò nínú bọ́ọ̀sì kí a tó gbọ́ ọ. Irin ni ara ọkọ̀; ó ń dí ohùn mọ́nú. Ó tún ní láti gun òkìtì ọ̀gán, nítorí pé gíga ṣe pàtàkì fún rédíò ju agbára lọ. Awakọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ máa wá òkìtì kí ó tó lè sọ̀rọ̀ kò ní rédíò ọkọ̀. Bátìrì rẹ̀ sì kéré. Wokí-tokí jẹ́ ti ènìyàn, kì í ṣe ti ọkọ̀.

Ti ọkọ̀ ni èyí tí a dè mọ́ iwájú awakọ̀, tí ó ń jẹ nínú bátìrì ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tí ọ̀pá rẹ̀ dúró sí àárín òrùlé. Irú rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ Ìdòwú. Ó bá ọkọ̀ náà wá ni, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni rà á. O gbọ́ ìyàtọ̀ tí mo sọ nínú ohùn àwọn méjèèjì. Bí mo bá ní láti mú ẹyọ kan, òun ni mo máa mú.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí o mú ẹyọ kan. Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo wà léwe nínú iṣẹ́, rédíò ọkọ̀ nìkan ni a ní, mo sì gbẹ́kẹ̀ lé e pátápátá. Wọ́n pè wá sí abà kan tí ọkọ̀ kò lè dé. A fi ọkọ̀ sílẹ̀ létí odò, a fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ aboyún náà, mo rí i pé ó ju agbára mi lọ, ó yẹ kí n pe dókítà. Rédíò wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ wà létí odò. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi ṣe rédíò ní ọjọ́ náà. Ìyá àti ọmọ yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n rédíò ọkọ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ bá ènìyàn rìn. Nítorí náà, kí ti ọkọ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí ti ọwọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tẹ̀lé àwọn ọmọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kí gbogbo wọn jẹ́ irú kan náà. Ẹni tí ó ń tà á yóò sọ fún ọ pé ìgbì tí ń gbé ohùn lọ jẹ́ oríṣi méjì: ọ̀kan ń rìn dáadáa ní pápá àti oko, èkejì ń wọ inú ilé àti àárín ògiri. Ọ̀nà oko ni tiyín. Mú ti oko, kí ọkọ̀, ọwọ́ àti tábìlì Bàbá Sùlè sì bára mu. Bí o bá ra ọ̀kan níbí, tí o ra ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọn yóò máa wo ara wọn bí odi. Kí ẹ gbé ọ̀pá ti ilé-ẹ̀kọ́ ga ju òrùlé lọ. Kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ ìjọba kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ náà ní ẹni tí ó ni ín.

Bátìrì. Bí iná bá dé, kí wokí-tokí wà lórí ṣájà kí ẹnikẹ́ni tó ronú fóònù tirẹ̀. Kí ọ̀kan tí ó kún máa wà ní ìpamọ́ nínú ọkọ̀. Ti ọkọ̀ náà ní ewu tirẹ̀: awakọ̀ wa nígbà kan pa ẹ́ńjìnnì, ó fi rédíò sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Àwọn ìbátan aláìsàn ni ó ti ọkọ̀ aláìsàn kí ó tó ṣiṣẹ́. Wọ́n ti í, wọ́n sì ń kọrin tí n kò ní í kọ sínú lẹ́tà.

Ní ti bọ́tìnnì. Rántí pé ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, adití ni. Níwọ̀n ìgbà tí ìka rẹ bá wà lórí bọ́tìnnì, o kò lè gbọ́ ẹnikẹ́ni, ẹlòmíràn kò sì lè sọ̀rọ̀. Ní ọdún kìn-ín-ní mi, mo rò pé mo ti sọ̀rọ̀ tán. Mo yíjú sí awakọ̀, mo sì sọ èrò mi nípa Máátírọ́ọ̀nù wa fún un, ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ìka mi kò kúrò. Gbogbo agbègbè náà ni ó gbọ́ èrò mi. Nígbà tí mo padà dé, Máátírọ́ọ̀nù kò bínú. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ohùn rẹ mọ́ dáadáa.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. O ti máa ń béèrè ìdí rẹ̀.

Nítorí ìyẹn pẹ̀lú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọmọ lórí afẹ́fẹ́, tàbí kí ó sọ ilé tí ọmọ kan ń gbé. Ẹni tí a kò rí ń gbọ́.

Mo wá dé orí ìkíni, tí ó wúwo ju gbogbo ìyókù lọ. O lè ra rédíò tí ó dára jù lọ ní Èkó; bí àwọn awakọ̀ bá ṣì ń béèrè ẹsẹ̀ ìyàwó Bàbá Sùlè kí wọ́n tó sọ pé àwọn rì, owó ilé-ẹ̀kọ́ ṣòfò. Má dá Ràṣákì lẹ́bi. Bí a ṣe tọ́ ọ ni ó hù. Bí ó bá ti ní, “Mo wà lẹ́yìn Ọ̀fàdá,” láìkí àgbà, Bàbá Sùlè ìbá ti bi í pé ta ni ó kọ́ ọ.

Máátírọ́ọ̀nù kan náà ni ó wá ojútùú rẹ̀ fún wa. Láràárọ̀, kí ọkọ̀ tó jáde, gbogbo wa máa ń dúró níwájú rẹ̀. A ó kí i, yóò kí wa, a ó béèrè ilé, a ó béèrè ọmọ, kò ní í kánjú. Lẹ́yìn náà yóò ní, “Mo ti kí gbogbo yín títí di ìrọ̀lẹ́.” Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnnì, orúkọ rẹ̀ ni yóò sọ, lẹ́yìn náà ibi tí ó wà, lẹ́yìn náà ohun tí ó fẹ́. Kò sí ẹni tí ó rí i fín, nítorí pé a ti kíra wa tán. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n rédíò kì í ṣe ọmọlúàbí. Odindi ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n sọ fún un, kí ó sì kúrú.

Mo ti bá Bàbá Sùlè sọ ọ́ kí n tó kúrò. Kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà.

Ó ní, “Mọ̀ọ́mì, ṣé kí ọmọ kékeré kàn máa sọ fún mi pé òun wà níbí, òun wà lọ́hùn-ún, bí ọlọ́pàá?”

Mo ní, “Kí ó kí yín láàárọ̀, Bàbá, kí ó kún.”

Ó rò ó. Ó ní, “Bí wọ́n bá ti dọ̀bálẹ̀ dáadáa láàárọ̀, mo lè fi ìyókù jì wọ́n.” Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ṣùgbọ́n kí wọ́n béèrè ẹsẹ̀ náà.”

Kí wọ́n béèrè ẹsẹ̀ náà. Láàárọ̀.

Nípa iṣẹ́ rẹ. Má fi í sílẹ̀. O sọ fún mi pé ìwọ ni ó yẹ kí o ti yẹ bátìrì wò kí ọkọ̀ tó jáde, pé olórí ọkọ̀ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ nípò. Iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni, rédíò tí o bá níbẹ̀ sì ni. Èmi ò gbọ́ pé olórí ọkọ̀ kan sá lọ wá ọ̀nà tirẹ̀. Mo gbọ́ pé ó jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ń kọrin kí ẹ̀rù má bà wọ́n. A lè kọ́ ènìyàn bí a ti ń yẹ bátìrì wò. Èyí tí o ṣe lẹ́yìn Ọ̀fàdá, èmi kò mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Kọ ìwé tí ọ̀gá rẹ ń retí. Má kọ èkejì.

Báyìí, mo kí ọ, Àníkẹ́ mi. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ewu, mo kí ọ kú ìdúróṣinṣin. Bá mi kí Bàbá Sùlè àti ìyàwó rẹ̀, Ràṣákì àti ọmọ tuntun rẹ̀. Ìkíni yìí tó títí di ìgbà tí a ó tún ríra. Nígbà tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, pè mí lórí fóònù ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Mo ń lọ sí Akute. Sọ ibi tí o wà kí o tó kí mi.

Ó ku èyí tí mo ní ó wà ní ìparí. Mo mọ̀ pé o ti kó àwọn ọmọ dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Ìdòwú nígbà tí mo dá a lóhùn pé, “Mo gbọ́.” Òótọ́ ni pé ìka mi kò kúrò lórí bọ́tìnnì lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí ìwọ àti àwọn ọmọ gbọ́ láti ìgbà náà, títí Bàbá Sùlè fi rọra gbé ìka mi kúrò, n kò ní í jíròrò rẹ̀: kì í ṣe nínú lẹ́tà, kì í ṣe lórí fóònù, kì í ṣe lójúkojú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.